Ṣọ́ọ̀kì Tí Mo Tún Ṣe Nítorí Ìbàdí Ìyá Mi

Ìyá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àfojúsọ́nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Ìbẹrẹkò níhìn-ín. Mo kí Ṣadé àbúrò mi tó ń tọ́jú yín ní Òkè-Ihò.

Ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe yìnyín fún àwọn apẹja ni mo ṣì wà. Òtútù ni láti àárọ̀. Bí mo bá sì jáde, atẹ́gùn òkun oníyọ̀ á tún gbá mi lójú. Ọjọ́ ìsinmi ló burú jù. Ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, ẹnikẹ́ni ò ní pè mí ní Àkànní.

Nígbà tí mo fi ọkọ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀ gbé yín wá, tí ọ̀nà ibí gbọ̀n yín títí ìbàdí fi dùn yín, ẹ ní ẹ ò ní wọ̀ ọ́ mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Àṣé ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ gbọ̀n, ló ti kú. Iyọ̀ ti jẹ wọ́n, epo inú wọn ti jò tán.

Ni mo bá fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè lójúde, mo to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀. Baba Sènàmì, onílé mi, tó máa ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, bá mi tú u. Bí a ṣe ń fún sipiríńgì tó yí ṣọ́ọ̀kì ká pọ̀ láti yọ ọ́, irin tí a fi dè é yẹ̀. Baba fà mí sẹ́yìn. Sipiríńgì fò gba ibi tí orí mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ó lu ògiri. Mo jókòó sórí iyanrìn. Ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi, ó ní ta ni àwọn ì bá ránṣẹ́ sí nílé wa. Ẹ̀yin ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní n ò ṣe mọ́. Baba ní, ṣé bí ìyá mi ò ṣe ní wá mọ́ nìyẹn? Ó lọ yá ìdè tó le lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan ní Gbájì. A pààrọ̀ rọ́bà tó ń dí epo, a rọ epo tuntun sí i, a dá gbogbo rẹ̀ padà, a fún nọ́ọ̀tì le.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó Baba ní kí n gbé òun dé Kankọ́n. Níwájú ló jókòó. Nígbà tí a kan kòtò àkọ́kọ́, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń ké "dẹ̀dẹ̀, dẹ̀dẹ̀", bí àwọn Ègùn ṣe ń ní kí èèyàn rọra. Ọkọ̀ kàn mì jẹ́ẹ́ ni. Nígbà tó yá, n ò gbóhùn rẹ̀ mọ́. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi: ó ti sùn lọ. Omi bọ́ lójú mi, ìyá mi. Ìyá ẹlòmíràn ni mo gbé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wá gbé yín. Olúwa á dá yín sí fún mi, ẹsẹ̀ yín ò ní kọ ọ̀nà. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, àtàgbà àtèwe.

Èmi ni Àkànní, ọmọ yín tí àárò yín ń sọ.