Iṣẹ́ Kejì Tí N Kò Jẹ́ Kí Ẹ Kọ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ó rẹ́rìn-ín tí ẹ bá gbọ́ ohun tí ọmọ yín ń fi ọjọ́ ogbó ṣe. Eré ni. Mọ́rẹ́nikẹ́, ọmọ-ọmọ mi tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, ló máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí pálọ̀ mi lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n á yí tábìlì ká, kálukú á sọ ara rẹ̀ di ẹnìkan nínú ìtàn, wọ́n á sì máa ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe á yọrí sí rere.

Nígbà tí wọ́n ní kí èmi náà wá ṣe mọ́ńkì, inú bí mi. "Èmi, ọ̀bọ? Nínú ilé mi?"

Mọ́rẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. "Bàbá àgbà, kì í ṣe ọ̀bọ o! Ẹni tó fi ayé sílẹ̀ nítorí Ọlọ́run ni. Kì í wọ bàtà, kì í wọ ẹ̀wù irin, ọwọ́ lásán ló fi ń jà."

Ẹ̀yin ni mo rí, Bàbá, nínú sùtánà funfun, tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ pupa Japara, ìlú wa, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ yín ni mo sọ mọ́ńkì mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mọ́ńkì náà dé ipò kan nínú eré tó ti lè fi iṣẹ́ mìíràn kún tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní kó di jagunjagun. Òmíràn ní kó kọ́ṣẹ́ olè: "Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ yá báyìí, kí ló fẹ́ máa kanlẹ̀kùn ṣe?" Mọ́rẹ́nikẹ́ ní kó kọ́ ìwòsàn. Mo ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo.

"Rárá o, Bàbá àgbà. Èyí tó ti mọ̀ ò ní kúrò lára ẹ̀. Ó kàn máa dúró díẹ̀ ni, títí tuntun á fi mọ́ ọn lára."

Ọ̀rọ̀ eku méjì yẹn, ṣé ẹ rántí? Òun ni mo sọ sí yín lójú àwọn alàgbà ìjọ, nígbà tí ẹ fẹ́ lọ kọ́ eegun títò lọ́dọ̀ ọkùnrin oníṣègùn ìlú Mamu yẹn. Mo ti kàwé, mo sì rò pé mo mọ Ọlọ́run jù yín lọ. Mo ní aládùúrà tó bá ń wá ewé kiri ti ta ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹ kò lọ sí Mamu mọ́. Síbẹ̀, tí ọmọdé bá ṣubú, ọwọ́ yín á ti dé orúnkún rẹ̀, ẹ ó máa wá ibi tó ń dùn ún, ẹ ó wá rántí, ẹ ó fa ọwọ́ yín sẹ́yìn. Kí lẹ máa ń rò nígbà yẹn? Ṣé ẹ ń bínú sí mi?

Mo yan ìwòsàn fún mọ́ńkì mi. Lónìí, ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ìtàn kán, ó sì kúnlẹ̀ láti tò ó. Mo ju dáìsì, ó já mi kulẹ̀. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín: "Dókítà ayédèrú!" Ṣùgbọ́n Mọ́rẹ́nikẹ́ kó dáìsì padà sí mi lọ́wọ́. "Ẹ tún un jù, Bàbá àgbà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

Mo dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ mu omi, mo sì lọ dúró sẹ́yìn ilé. Gbólóhùn kékeré tí Mọ́rẹ́nikẹ́ sọ yẹn, Bàbá mi, n kò rí i sọ fún yín títí ẹ fi papò dà.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó gbọ́n.