Ìbọn Ìkíni Tí A Kò Dáhùn

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àmójútó, ẹ kú àdúrà, ẹ sì kú ojú lọ́nà Bàbá. Èmi Ọdẹ́jídé, àkọ́bí yín, ni mo dọ̀bálẹ̀ gbọrọ kí yín láti Houston níbí. Yétúndé ìyàwó yín kúnlẹ̀. Bọ́lá ọmọ ọmọ yín ní kí n kí Grandma. Ó ti mọ “ẹ kú àárọ̀” sọ dáadáa báyìí, àfi pé tọ̀sán tòru ló ń sọ ọ́. Mo kí Bàbá Ọdẹ́wùmí, àbúrò bàbá mi. Mo kí ìwọ náà, Ṣadé àbúrò mi, tí o máa ka lẹ́tà yìí fún Màmá. Rọra kà á. Má fo ibì kankan, kódà bí ojú bá ń tì ọ́ nítorí mi.

Màmá, kí Ṣadé tó tẹ̀ síwájú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe Bàbá kí wọ́n wá jókòó. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé lẹ́tà náà wá. Inú báàgì wọn ni mo fi í sí, mo ní kí wọ́n fún yín, wọn kò sì béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá lè ránṣẹ́ pe àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ wọn náà kí wọ́n wá gbọ́, ẹ bá mi pè wọ́n. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n gbangba ni mo ti dójú ti bàbá mi, n kò lè wá máa tọrọ àforíjì ní kọ̀rọ̀. Mo ti fún àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa níbí ní ẹ̀dà rẹ̀ kan, kí àwọn ọmọ Yorùbá ìlú yìí lè kà á pẹ̀lú.

Ẹ ó ti máa bi ara yín léèrè ìdí tí Bàbá fi tètè padà wálé, nígbà tí a ti jọ sọ ọ́ pé wọ́n á bá wa ṣe Kérésì. Bí mo bá mọ̀ wọ́n dáadáa, wọ́n á ti sọ fún yín pé òtútù ẹ̀rọ amúlétutù ni kò bá àwọn lára mu. Wọ́n ń bò mí láṣìírí ni. Wọ́n á tún ti sọ pé àwọn fẹ́ fa ìbọn àwọn lé Bàbá Ọdẹ́wùmí lọ́wọ́ níbi ìpàdé ọdẹ tó ń bọ̀, pé ojú àwọn ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fi ń kọ̀wé gan-an nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Màmá, inú wọn dùn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Àmọ́ ibí yìí kì í ṣe ibi tí àgbà ti ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Yétúndé á ti jáde lọ sí ọsibítù ní kùtùkùtù, Bọ́lá á lọ sí daycare, èmi á gba freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn, lọ sí Pasadena níbi tí a ti ń fọ epo rọ̀bì. Bàbá á wá gbé àga síwájú ilé nínú ooru. Wọ́n ní ooru Houston dà bí ooru tó ń ṣáájú òjò ńlá, àfi pé òjò ọ̀hún kì í dé. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ni wọ́n ń kí. Ẹlòmíràn á juwọ́, ọ̀pọ̀ wọn á kọjá lọ bí ẹni pé igi ló sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí bóyá ìjà wà láàárín àwọn ará àdúgbò náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bí ibí ṣe rí nìyẹn. Àwọn kò rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ò sì dára lásìkò yìí. Owó epo ti já wálẹ̀, wọ́n ń dá àwọn èèyàn dúró níbi iṣẹ́ wa, ẹ̀yin náà sì ti rí i pé ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé ti ń fà sẹ́yìn. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa fẹ́ràn ọdẹ ṣíṣe púpọ̀. Orí àgbọ̀nrín ló fi ṣe ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Mo bá a sọ̀rọ̀ nípa Bàbá, mo ṣe fọ́ńté díẹ̀, mo ní Olúọdẹ ìlú wa ni. Ó ní kí n mú wọn wá sí pápá ìyìnbọn kan tó kọjá ìlú Katy lọ́jọ́ Sátidé, pé òun náà á wà níbẹ̀. Mo rò ó pé bí ó bá rí Bàbá, tí Bàbá wú u lórí, wọn kò ní dá èmi dúró. Ẹ wò ó, Màmá, bàbá tó bí mi ni mo fẹ́ fi wá ojúrere.

Bàbá ò mọ ìyẹn. Wọ́n rò pé nítorí tiwọn ni mo ṣe ń mú wọn jáde. Wọ́n yọ fìlà ọdẹ wọn, èyí tó gùn tó ń dà sí èjìká, nínú àpótí, wọ́n ní kí Yétúndé fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Nínú ọkọ̀, wọ́n ń bi mí irú ẹran tó wà níbẹ̀. Mo ní kò sí ẹran, bébà ni wọ́n ń gbé kọ́ tí wọ́n ń yìnbọn sí. Wọ́n ní háà, bébà ọ̀hún ṣẹ̀ wọ́n ni? A rẹ́rìn-ín títí a fi bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín tí a jọ rín kẹ́yìn nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan ló ń dá àwọn èèyàn lóhùn níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Bàbá kí i, kò dáhùn. Èmi ló kọjú sí, bí ẹni pé ẹrù ni mo gbé wá. Ó ka òfin ibẹ̀ fún mi: ẹnu ìbọn kò gbọdọ̀ kúrò lọ́kànkán ibi tí bébà wà, kò gbọdọ̀ wo ẹ̀gbẹ́, kò sì gbọdọ̀ wo òkè rárá. Ó ní kí n sọ ọ́ fún bàbá arúgbó yìí. Ọ̀gá mi dúró tì mí, àwọn èèyàn tò sẹ́yìn wa, ojú sì tì mí láti máa sọ Yorùbá gbọọrọ níwájú wọn. Mo tún wí lọ́kàn ara mi pé ta ni èmi tí n ó máa kọ́ Olúọdẹ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú. Èyí ìkẹyìn yìí ni mo fi tan ara mi jẹ. Gbogbo ohun tí mo sọ fún Bàbá ni pé kí wọ́n dúró níbẹ̀ yẹn, kí wọ́n máa yìn ín. Ọmọkùnrin náà bi mí bóyá mo ti sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀yin mọ ohun tí ọdẹ ọ̀dọ̀ wa ń ṣe bó bá wọ igbó onígbó. Kò ní kọ́kọ́ pa ẹran. Á fi ìdí ìbọn kan ilẹ̀, á dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, á yìn ín lẹ́ẹ̀kan sókè láti kí àwọn onílẹ̀, á wá dẹ etí. Àwọn onílẹ̀ náà á yin tiwọn. Ìgbà yẹn ni àlejò ń mọ̀ pé wọ́n gba òun. Èmi náà mọ̀ ọ́n, Màmá. Èjìká Bàbá ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí mo bá ti ronú díẹ̀ ni, ǹ bá ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa ṣe nìyẹn.

Bàbá fi ìdí ìbọn tí a háyà níbẹ̀ kan ilẹ̀. Wọ́n dárúkọ ọ̀gá wọn. Wọ́n yìn ín sókè. Wọ́n wá sọ ẹnu ìbọn kalẹ̀, wọ́n ṣí ohun tí a fi dí wọn létí nítorí ariwo ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń dúró kí ẹnì kan dáhùn.

Ọmọkùnrin yẹn sáré dé, ó já ìbọn gbà, ó fi ọwọ́ ti àyà wọn, fìlà wọn bọ́ sílẹ̀. Ó ń jágbe mọ́ wọn bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Obìnrin tó ń gbowó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí a jáde, kí a má padà wá mọ́, wọn kò sì dá owó wa padà. N kò ní sọ pé òfin wọn ò nídìí. Ọta tó gòkè á sọ̀kalẹ̀, ó sì lè bá ẹni ẹlẹ́ni. Ṣùgbọ́n èèyàn lè sọ òfin fún àgbà láìtì í láyà. Àlejò lójú, kò fi ríran. Onílé ló yẹ kó fi ọ̀nà hàn án. Bí mo bá fẹ́ bínú sí wọn báyìí, mo ń rántí pé kì í ṣe àwọn ni onílé tó yẹ kó fi ọ̀nà han Bàbá. Èmi ni.

Ó wá kọjú sí mi, ó bi mí lójú gbogbo èèyàn bóyá mo sọ òfin náà fún ọkùnrin yìí àbí n kò sọ. Ọ̀gá mi ń wò mí. Màmá, mo ní mo sọ ọ́. Mo ní arúgbó ni, kò yé e. Mo wá gbé ìka mi sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi, mo ń yí i, mo sì rẹ́rìn-ín.

Bàbá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí mo sọ. Ìka yẹn ni wọ́n rí. Kò sí ìlú tí wọn kì í mọ ohun tí ìka yẹn ń wí. Wọ́n wò mí, kò pẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú fìlà wọn, wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ nù. Fìlà bàbá mi wà nílẹ̀, ojú Ọ̀gá ni èmi ń wò.

A wọ ọkọ̀, a kọrí sílé, Bàbá wá sọ̀rọ̀. Wọ́n bi mí bóyá ọ̀ràn náà kò ní kó bá iṣẹ́ mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ àwọn onílẹ̀, pé àwọn ò mọ̀ pé eèwọ̀ ibẹ̀ ni. Wọ́n ní àgbà tí kò bá mọ ojú ilẹ̀ kà mọ́ kò yẹ lẹ́ni tó ń gbé ìbọn, pé bí àwọn bá délé, àwọn á gbé e fún àbúrò àwọn. Èmi tí mo mọ òótọ́ di sítíárì ọkọ̀ mú. Ohun tí mo rí sọ kò ju pé kí wọ́n fa bẹ́líìtì mọ́ra dáadáa.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n wá ka Bíbélì, mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀gá bi mí ohun tí Bàbá ń ṣe gan-an. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní ohun tó dára ni, ó wá bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ níbẹ̀. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, Màmá, kò dùn mọ́ mi ni.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti fẹ́ la ẹnu, Bàbá á dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀, wọ́n á béèrè Bọ́lá. Èmi náà á sì gbà bẹ́ẹ̀, torí ojo ni mí. Nígbà tí a dé pápákọ̀ òfurufú, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n gbàdúrà pé orí mi kò ní dàrú ní ìlú onílùú. N kò lè wo ojú wọn.

Bàbá mi, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, níṣojú Màmá àti gbogbo ilé. Ẹ kò ṣi ilẹ̀ kà. Wọ́n sọ eèwọ̀ ibẹ̀ fún mi, n kò sọ ọ́ fún yín, mo sì parọ́ pé mo sọ ọ́. Orí yín pé, ó pé ju tèmi lọ. Ìka tí mo gbé sókè, èmi gan-an ló tọ́ sí. Mo dọ̀bálẹ̀, ẹ dárí jì mí. Bí ọjọ́ bá dé tí ìbọn bá wúwo fún yín, ẹ gbé e fún ẹni tó wù yín. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó jẹ́ irọ́ mi ló gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ kí gbogbo ilé, àtọmọdé àtàgbà. Ẹ kí àwọn ọdẹ tó bá wà níkàlẹ̀, kí wọ́n má fi tèmi ṣe ẹ̀rín ju bó ṣe yẹ lọ. Ọlọ́run á dá ẹ̀yin méjèèjì sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, ojú ò ní tì yín lórí wa mọ́.

Lẹ́tà yìí ni ìdáhùn mi sí ìbọn tí ẹ yìn. Mo mọ̀ pé ó pẹ́ kó tó dún. Bí ẹ bá gbà á, Bàbá, ẹ yin tiyín lẹ́ẹ̀kan sókè lẹ́yìnkùlé wa, kí Ṣadé kọ̀wé sí mi pé ó dún. Mo ti ń dẹ etí.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọdẹ́jídé