Kéèkì Inú Símẹ́ńtì

Sọ́ńdè, ìrọ̀lẹ́

Èmi oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, kí ló gbé mi dé ìdí kéèkì? Ìyá Bísí àfẹ́sọ́nà mi ni. Màmá ń bọ̀ láti Ìsarà wá wo ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, wọ́n sì ti ń kùn pé mi ò tíì kọ́lé.

Mi ò ní ófùn. Mo bá da yanrìn sínú ìkòkò, mo gbé páànù kéèkì lé e, mo tan gáàsì. Ọ̀dọ̀ àwọn bíríkìlà ẹ̀gbẹ́ ilé wa ni mo ti bu yanrìn. Nígbà tí kéèkì jinná, mo da omi sí yanrìn kó lè tètè tutù, mo lọ gbé Màmá ní gáréèjì. Ọkọ̀ wọn pẹ́ gan-an.

A délé, páànù ò ṣeé yọ mọ́. Yanrìn ti di òkúta. Àṣé wọ́n ti po símẹ́ńtì mọ́ ọn!

Bísí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Òógùn bò mí.

"Ẹ fún mi ní ṣíbí," Màmá wí. Wọ́n fa ìkòkò sáàárín ẹsẹ̀, wọ́n ń bu kéèkì jẹ bí ìkọ́kọrẹ́.

"Ó dùn o, àna mi. Ẹni tó kọ́lé fún kéèkì, ṣé ti Bísí ló máa wá ṣòro?"

Mo ti fi ìkòkò náà ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn kankan ò lè mì í.