Bí Akínwùmí Ṣe Dín Ìsanra Rẹ̀ Kù Nítorí Àbúrò Rẹ̀

                                        Ojúlé Kẹtàlá,
                                        Oregbeni,
                                        Ìlú Bìní,
                                        Ìpínlẹ̀ Edo.
                                        Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kọkànlá, Ọdún 2025.

Fọláṣadé, ọ̀rẹ́ tí mo fi ṣe ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún màmá ti ń fún wọn láyè láti rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Àwọn ọmọ náà ń dàgbà, Yorùbá ẹnu wọn nìkan ni kò dàgbà. Bí mo bá bá Ìrètíolúwa sọ̀rọ̀, pidgin ló fi ń dá mi lóhùn.

O bi mí lórí fóònù pé kí ló mú kí ọkọ mi gbẹ báyìí nínú fọ́tò. Mo ní kí o dúró de lẹ́tà, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí à ń sọ kí iná fóònù tó kú.

O rántí Dọ̀tun, àbúrò Akínwùmí, tí mo máa ń pè ní Ọkọ Kékeré, ẹni tó jó títí bàtà rẹ̀ fi já níbi ìgbéyàwó wa. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ló daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ gbogbo ẹbí wò láti mọ ẹni tó lè fún un ní kíndìnrín kan, ti Akínwùmí ló bá tirẹ̀ mu. Inú wa dùn, àfi bí dókítà ṣe ní ó sanra jù fún iṣẹ́ abẹ náà. Ó ní òun kò ní fi ẹni méjì wéwu níbi tí òun ti fẹ́ gba ẹnì kan là. Kó lọ dín ìsanra kù ná.

Ọ̀rẹ́ mi, ọkọ mi tí iyán kì í tó sọ pé òun kò jẹ òkèlè mọ́. Iyán lọ, ẹ̀bà lọ, kò sì fẹnu kan nǹkan láàárọ̀. Nígbà tí a padà lọ, òṣùwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹsẹ̀. Ó ní ó ti bàjẹ́. Wọ́n gbé òmíràn wá, ohun kan náà ló sọ. Nínú mọ́tò, ó gbórí lé ọwọ́, ó ń sunkún. "Èyítáyọ̀, Dọ̀tun máa kú mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí ikùn lásán."

Dọ̀tun gbọ́, ó pè é. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun. Bí ebi bá pa yín kú, ta ni màá máa pè ní ẹ̀gbọ́n?"

Ìyẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Osarugue, tó ń gba àwọn aláìsàn níyànjú lórí oúnjẹ. Pidgin ló sọ, Yorùbá ni màá fi kọ ọ́. Ó bi ọkọ mi léèrè ohun tó jẹ lánàá. Ẹ̀wà díẹ̀ ni.

"Kí lẹ wá mu?"

Akínwùmí rẹ́rìn-ín. "Mà, mímu kì í ṣe jíjẹ."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka máltì tí àwọn oníbàárà ń gbé wá bá a ní báńkì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Airport Road, ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, àti ẹ̀pà tó ń jù sẹ́nu kí ebi má baà pa á.

Ìyáàfin náà ní kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ, èyí tí ara kò bá sì lò, ó ń kó o pamọ́ bí ọ̀rá ni. "Ìgò máltì kan lè súnmọ́ igba kálórì. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kò jìnnà sí i. Ohun mímu kì í yó yín, bẹ́ẹ̀ ara yín ń kà á." Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó, báwo lẹ ṣe ń wọn òróró?" Mo ní mo kàn ń dà á ni. Ó ní ṣíbí ìjẹun kan ṣoṣo tó ọgọ́fà kálórì. Mo rántí dòdò tó máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú páànù mi, mo wolẹ̀.

Ó dá iyán padà fún un, èyí tí kò ju ẹ̀ṣẹ́ lọ, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rẹpẹtẹ àti ẹja. Ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn!

Láti ọjọ́ náà, omi ló rọ́pò máltì, mo ń se sóbò láìfi ṣúgà sí i, bọ̀ọ̀lì sì gba ipò dòdò. Àfẹ̀mọ́júmọ́ là ń gun òkè Ikpoba, èmi ń mí hẹlẹ-hẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ìrètíolúwa wá di ọlọ́pàá. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó pariwo, "Daddy, no drink am o!" Gbogbo ìjọ wẹ̀yìn. Nígbà tó rẹ ọkọ mi, mo ní díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ó ní ṣé òun ni mò ń pè ní ẹlẹ́dẹ̀.

Ṣùgbọ́n ojú Dọ̀tun ń wú sí i. Àwọn àárọ̀ kan wà tí ẹ̀rù máa ń bà mí láti gbé fóònù.

Níkẹyìn, dókítà wo òṣùwọ̀n, ó ní ó tó. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà lóṣù tó kọjá. A jókòó níta, a ń retí. Nígbà tí dókítà jáde, ó ní kíndìnrín náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: lórí tábìlì níbẹ̀ ni ìtọ̀ ti ń jáde. Fọláṣadé, ta ló mọ̀ pé mo lè jó nítorí ìtọ̀!

Ìyá ọkọ mi ò jó. Wọ́n dúró títí Akínwùmí fi lajú, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní, "Èmi ni mo bí Dọ̀tun lẹ́ẹ̀kíní. Ìwọ lo bá mi bí i lẹ́ẹ̀kejì."

Bá mi kí màmá, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Dọ̀tun ní kí n kí ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
Èyítáyọ̀.