Wọ́n Kun Ọ̀nà Omi Ní Àwọ̀ Ewé

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà níbí ní Ìlọrin tí mo fi ń kí yín. Mo kí Bàbá, mo kí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn. Ẹ ní ìbínú mi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi yé yín lórí fóònù, ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á, ẹ jẹ́ kó kà á.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. À ń ya máàpù gbogbo ilẹ̀ tí òjò rẹ̀ ń ṣàn wọ odò Asà, ká lè mọ àwọn ilé tí àgbàrá òjijì lè gbé. Ibi tó léwu, a ó kùn ún ní pupa. Ibi tí kò léwu, àwọ̀ ewé. Inú ìdọ̀tí ni mo ń rìn látàárọ̀: páńpásì ọmọdé, ọ̀rá píọ̀wọ́tà, òkú ewúrẹ́ tó ti wú. Bí mo bá padà sí yàrá mi ní Adéwọlé, màá wẹ̀ títí, síbẹ̀ oúnjẹ kò ní lọ lọ́nà ọ̀fun. Kò sì sẹ́ni tí mo lè ráhùn sí létí. Ṣùgbọ́n òórùn kọ́ ló rí mi lára jù.

Ọlọ́lá kan mọ ògiri dí ìṣàn omi kan ládùúgbò Basin níbí, ó fẹ́ máa gé ilẹ̀ ibẹ̀ tà. Ìyá Sàlámátù, opó tó ń ránṣọ, ń gbé lẹ́bàá ògiri náà, níbi tí omi ti ń bọ̀. Mo kun ilé wọn àti ilẹ̀ ọlọ́lá náà ní pupa.

Ni ọ̀gá mi bá pè mí sí ọ́fíìsì. Ọlọ́lá náà ti jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá ní kí n yí pupa yẹn sí àwọ̀ ewé, pé ta ni yóò ra ilẹ̀ pupa? Mo ní Ìyá Sàlámátù ńkọ́? Ọlọ́lá náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní tálákà mọ odò wẹ̀ dáadáa. Mo kọ̀. Ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tán tí òjò fi dé lọ́sàn-án. Àgbàrá kan ògiri, kò rọ́nà lọ, ó yí wọ yàrá. Àwọn aládùúgbò já òrùlé kí wọ́n tó rí Ìyá Sàlámátù fà jáde. Máṣíìnì ìránṣọ Ìyá náà bómi lọ, aṣọ oníbàárà bá a lọ. Nígbà tí ọlọ́lá dé, ó fi áńkáṣíìfù bo imú, ó ní kádàrá ni. Mo tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ kò kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo bẹ àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí àdúgbò náà, wọ́n gbà mí láyè, mo sì tẹ́ ẹ̀dà máàpù tí mo kùn gan-an, èyí tí mo ti tọ́jú pamọ́, síwájú gbogbo èèyàn. Áfáà wọn ní hàráámù ni kéèyàn mọ ibi tí ikú ń gbà kó sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó dúró de ìjọba. Tọkùnrin tobìnrin gbé díígà, wọ́n dá ògiri náà lu, omi sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ìyá Sàlámátù ló kọ́kọ́ lù ú.

Wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má retí owó lóṣù yìí. Bọ̀ọ̀dá ní kí n lọ bẹ ọ̀gá; ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò lọ. Àdúgbò mìíràn ti ní kí n wá bá àwọn wo ọ̀nà omi tiwọn, ọ̀la ni mo ń lọ.

Kí Olúwa má jẹ́ kí omi ṣílẹ̀kùn wa. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tí kò gbà,
Fúnmiláyọ̀