Ohùn Màmá Mi Ló Wà Nínú Orin Kẹjọ

Mo jí ohùn màmá mi, mo sì fi sínú àwo orin wa. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, mi ò ní fi epo bọ iyọ̀. Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àwa Yorùbá tó wà ní Benin yìí mọ ara wa bí ẹní mowó. Sunday tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé orin náà sí gbangba níwájú màmá mi, mi ò sì tíì mọ ohun tí mo máa ṣe. Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà mí. Inú mi ò dùn, inú mi ò bàjẹ́... ara mi kàn kú tipiri ni.

Àwa mẹ́rin la wà nínú band wa, rock là ń ṣe, èmi ni mò ń ta gìtá. Àwọn mẹ́ta tó kù ò gbọ́ Yorùbá ju ẹ káàárọ̀ lọ. Màmá mi, tó ń rán aṣọ akọrin fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ogida, kò gba ti ariwo wa rárá, ó ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. A gba yàrá kan ní Uwasota, a fi fóòmù bo ògiri, ibẹ̀ la ti ṣe first album wa. Osaze tó ń lu ìlù ni olórí wa, ó sì ní ìgbàgbọ́ kan tí kì í yẹ̀. Ó ní àwọn band tó lórúkọ, àwo àkọ́kọ́ wọn ló máa ń dáa jù, torí gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ti ń bẹ láyé ni wọ́n fi kọ ọ́, ọdún kan péré ni wọ́n fi ń kọ ìkejì. Nítorí náà, ohun tí o ò lè rí mọ́ láyé ni kí o fi sínú ti àkọ́kọ́. Orin méje wa ti dáa, ìkẹjọ ò níyọ̀ lẹ́nu. Osaze wò mí, ó ní èmi nìkan ni mi ò tíì mú nǹkan kan wá látinú ayé mi. Òótọ́ ni.

Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá, mi ò sì sunkún. Òun ló ra gìtá àkọ́kọ́ tí mo ní fún mi, mo nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an, àmọ́ omi ò jáde lójú mi. Lọ́jọ́ ìsìnkú, màmá mi fún mi ní aṣọ ìnujú funfun kan tó fọwọ́ ara ẹ̀ rán etí ẹ̀. Nírọ̀lẹ́, mo dá a padà fún un, gbígbẹ, bó ṣe ká a fún mi gẹ́lẹ́. Ó gbà á. Àwọn ará ìjọ ní mo láyà, pé ọkùnrin ni mí... ṣé ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní láyà?

Láti ìgbà náà, ní ìdájí, màmá mi máa ń kúnlẹ̀ ti àga bàbá mi ní pálọ̀, á máa kì í, á máa pè é ní Àjàní, á sì máa ròyìn ilé fún un. Á ti ilẹ̀kùn o, torí ìjọ wọn ò gbà kí èèyàn bá òkú sọ̀rọ̀, òun sì ni olórí àwọn obìnrin níbẹ̀. Ó rò pé mo ń sùn ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo gbé phone mi sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo gbà á sílẹ̀.

Nígbà tí a fi ohùn náà sáàárín gìtá, ẹni tó ń ta bass jáde lọ nu ojú ẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ló ń sọ, mo ní ó ń gbàdúrà ni. Irọ́ ni. Ohun tó sọ láàárín orin yẹn ni pé, “Àjàní, ọmọ rẹ ò tíì sunkún rẹ o. Má bínú sí i. Bóyá èmi ni mi ò kọ́ ọ.” Mo lè gé ibẹ̀ kúrò. Mo fi í sílẹ̀. Mo ní ta ló fẹ́ gbọ́ ọ ní Benin níbí?

Album jáde, àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí ń kọ̀wé pé track eight ń pa àwọn lẹ́kún. Mo fi earpiece gbọ́ ọ nínú keke láti Ugbowo dé Ogida, nǹkan kan ò ṣe mí. Ìgbà náà ni alága ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá gbọ́ clip ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń pe Àjàní nìkan, ó rò pé ìyá àgbà kan la háyà. Inú bàbá náà dùn pé àwọn ọmọ tí a bí síbí, tí Pidgin ni wọ́n fi ń dá àgbà lóhùn, ò tíì gbàgbé oríkì. Wọ́n máa yẹ́ wa sí lọ́jọ́ Sunday, wọ́n á gbé orin náà sí látòkèdélẹ̀, pastor màmá mi ló máa ṣàdúrà, àwọn ará ìjọ ẹ̀ náà ń bọ̀, iwájú ni màmá mi máa jókòó sí. Ó ti sọ fún gbogbo àwọn tó ń rán aṣọ fún pé ọmọ òun kọ orin Yorùbá. Ó ní kí n fi sórí phone òun, mo ní memory ẹ̀ ti kún. Ẹyin lọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́, àfọwọ́fà mi sì ni.

Láàárọ̀ yìí ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo máa wọ̀ lọ́jọ́ Sunday, ó fi kọ́ ilẹ̀kùn mi. Mo fọwọ́ kan àpò àyà ẹ̀, nǹkan wà níbẹ̀. Aṣọ ìnujú funfun ọjọ́ ìsìnkú yẹn ni.

Ṣé ó ti gbọ́ orin náà ni? Ta ló gbé e fún un gbọ́? Tó bá ti gbọ́ ọ, kí ló dé tí kò bá mi jà? Tí kò bá sì tíì gbọ́ ọ ńkọ́... ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ fún un kó tó di Sunday, àbí kí n ní kí wọ́n yọ orin náà kúrò, kí Osaze àtàwọn yòókù má tún fojúure wò mí mọ́? Àbí kí n kàn wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, kí n lọ jókòó tì í, kí ìjọ ẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ fún bàbá mi? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin òbí yín, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Aṣọ ìnujú náà wà lórí itan mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Ó ṣì gbẹ.