Omi Bàálù Bàbá Rẹ Tún Ti Hó

Marit ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Chicago? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ inú yìnyín á máa ṣọ́ ọ, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ò ní rí ohun tí á fi bá ọ wí. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Màlúù tó ń tiro ti ń rìn dáadáa, èmi àtàwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sì ń rán kúbùsù wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ bàálù bàbá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Wọ́n ti kàn án tán nínú abà, ẹ́ńjìnnì mọ́tò tí wọ́n fi sí i ń ké dáadáa, àmọ́ bí wọ́n bá tàn án fúngbà díẹ̀, wọ́n ní omi inú rẹ̀ ń hó. Dewey Stroik, aládùúgbò wa tó ti kan tiẹ̀ rí, ní rédíétọ̀ ló kéré. Ó ní ìgbà tí bàálù bá ń gòkè ni ẹ́ńjìnnì máa ń gbóná jù, tí afẹ́fẹ́ á sì kéré, ìyẹn ni kí wọ́n fi wọn bí rédíétọ̀ ṣe máa tóbi tó, ṣùgbọ́n tó bá tún tóbi jù, afẹ́fẹ́ á máa fà á sẹ́yìn. Mo ní ṣé kí n mú téèpù aránṣọ mi wá wọn ìbàdí bàbá rẹ, ṣebí àwọn ni bàálù náà fẹ́ gbé. Dewey ní Ìyá Marit, ẹ fẹ́ fi ẹ̀rín pa mí. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Bàbá rẹ ra èyí tó tóbi, ó hó. Wọ́n gé abẹ́ bàálù, wọ́n fi èyí tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù síbẹ̀, ó tún hó. Dewey fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀, kọ̀ǹpútà ní kò lè hó. Mo ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá sínú abà kó wá fojú ara rẹ̀ rí i.

Èmi náà ò káwọ́ gbera o. O mọ̀ pé bí òtútù bá dé, páálí la fi ń dí iwájú rédíétọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù wa kí ẹ́ńjìnnì má baà gan. Bàbá rẹ gbàgbé láti ṣe é fún bàálù. Mo bá rán kúbùsù kékeré kan, mo fi dí ihò ẹ̀yìn rédíétọ̀ rẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, mo tì í wọlé títí kò fi hàn síta. Bí wọ́n bá fẹ́ tú u, mo máa ń yára yọ ọ́ kí epo má ta sí i, tí wọ́n bá tò ó tán, màá dá a padà. Nígbà tí rédíétọ̀ ńlá dé, mo rán kúbùsù ńlá. Mi ò sọ fún wọn, torí Bíbélì ní ohun tí ọwọ́ ọ̀tún bá ṣe, kí tòsì má mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bàbá rẹ ní àwọn ò ṣe mọ́. Ọkùnrin kan láti Iowa ń bọ̀ wá rà á lọ́jọ́ Sátidé. Wọn ò jẹun dáadáa mọ́, wọ́n kàn ń jókòó sínú bàálù náà, wọ́n ń wo ògiri abà. Láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni wọ́n ti ń kàn án! Mo fẹ́ kí wọ́n fò, Marit, kódà bó jẹ́ inú àgbàdo Dewey ni wọ́n máa balẹ̀ sí.

Wọ́n ní àwọn á tàn án lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀ Sátidé kí ọkùnrin Iowa tó dé. Tó bá hó, ó parí. Ṣùgbọ́n èmi dúró tì í, mo sì wò ó dáadáa. Kì í ṣe pé ó ń hó. Omi náà ń gbọ̀n ni, èéfín sì ń jáde bí èyí tó ń ti ẹnu wa jáde láàárọ̀ ọ̀gìnnìtìn. Òtútù ló ń mú un! Kúbùsù mi ló tínrín.

Jọ̀ọ́, fi dọ́là díẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá kí n fi ra òwú àgùntàn tó nípọn jù lọ. Má fi sínú fóònù, mi ò mọ ibi tí owó máa ń gbà jáde lára rẹ̀, inú àpòòwé ni kó o fi sí. Má sọ fún bàbá rẹ o.

Ohun rere gbogbo tí o bá fọwọ́ ara rẹ bò, kò ní tutù láéláé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ardis